Títún Nííbù Gègé Àtijọ́ Ṣe àti Títọ́ Ẹnu Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó jogún gègé alátàdáwà, tàbí tí wọ́n rà á lọ́jà àlòkù, ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lemọ́lemọ́. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó lè ba gègé jẹ́ pátápátá bí ọwọ́ bá ṣì í.

Kí ni orúkọ àwọn ẹ̀yà tí a ó máa dárúkọ?

Nííbù ni irin pẹlẹbẹ tó ń fara kan bébà. Wọ́n là á láàárín láti ẹnu títí dé ihò kékeré kan tí à ń pè ní ihò ìmí. Lílà yìí ló pín in sí ẹsẹ̀ méjì. Ìdajì hóró irin líle kan wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Irídíọ́mù ni wọ́n ń pè é láti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n àdàlù irin bíi osmium, ruthenium tàbí tungsten ló sábà máa ń jẹ́. Wúrà rọ̀, bébà a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Hóró yìí ló ń gbà á lọ́wọ́ bébà.

Lábẹ́ nííbù ni ahọ́n wà, ègé dúdú tí wọ́n ya ipa tóóró sí lára. Ahọ́n ló ń gbé tàdáwà jáde, òun náà ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Ọrùn gègé ni ibi tí ìka wa ń dì mú. Kì í ṣe wíwúwo nìkan ló ń mú tàdáwà jáde: àyè tóóró ló ń fà á, bí àyè náà bá sì ṣe tóóró tó ni ìfà rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ìdí nìyẹn tí lílà àárín fi fẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ihò ìmí, tó sì ń fún lọ sí ẹnu. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí yóò tètè yé yín.

Gègé bàbá mi kò kọ rárá. Ṣé nííbù rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Gègé tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàdáwà gbígbẹ ló máa ń dí ọ̀nà ahọ́n rẹ̀, nígbà tí nííbù fúnra rẹ̀ wà láìlábùkù. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ bu omi tútù díẹ̀ sínú ife, ẹ ki ẹnu gègé bọ̀ ọ́ kí omi bo nííbù nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́. Ẹ̀kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lè ràn án lọ́wọ́, bí ẹ bá ti máa ṣan án kúrò lẹ́yìn náà.

Ẹ má ri gbogbo ara gègé sínú omi. Conway Stewart, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1905, fi casein ṣe púpọ̀ nínú gègé aláràbarà rẹ̀. Inú wàrà ni wọ́n ti ń rí casein. Ó máa ń mu omi, á wú, á sì sán. Ẹ́bónáìtì dúdú, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè di líle, máa ń ṣí sí àwọ̀ ilẹ̀ bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ gègé tó ní ọwọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí Walter Sheaffer gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1908, ó ṣeé ṣe kí àpò rọ́bà inú rẹ̀ ti gan, kó máa fọ́ wẹ́wẹ́. Àpò lẹ ó pààrọ̀ nígbà náà, nííbù kò jẹ̀bi. Láti mọ ibi tí àìsàn wà, ẹ ti ẹnu nííbù tó ti mọ́ bọ inú tàdáwà, kí ẹ sì fi kọ̀wé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá kọ ìlà kan tàbí méjì geerege, ẹnu rẹ̀ yá. Ibi tí tàdáwà ti ń bọ̀ ni kí ẹ wò.

Tàdáwà wo ni kí n fi dán an wò?

Tàdáwà gègé nìkan. Èyí tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò, India ink, ní ṣẹ́láàkì tàbí gọ́ọ̀mù nínú; bó bá gbẹ sínú ahọ́n, omi kò ní yọ ọ́ mọ́. Tàdáwà wàláà náà kò yẹ ẹ́, nítorí èédú lílọ̀ inú rẹ̀ yóò dí ipa tóóró. Quink aláwọ̀ búlúù dára fún àyẹ̀wò. Láti 1931 ni Parker ti ń tà á, ó rọrùn láti fọ̀ kúrò, kò sì le jù, kò ṣàn jù.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 ni àkọ́kọ́, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Ẹni tí kò ní awò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu nííbù. Mo mọ̀ pé ó le létí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó ń mú gègé ha bébà kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ewé idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nínípọn rẹ̀ kò ju 0.05 mm lọ, bébà tó dán dáadáa, aṣọ òwú tí kò ní fọ́nrán, àti èékánná yín. Èékánná ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Kò lè ha wúrà, ẹ sì máa ń mọ̀ ọ́n lára bí irin ṣe ń gbọ́ràn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wúrà ni nííbù mi, kí ló sì kàn mí nínú rẹ̀?

Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lójú. 14K, 14ct tàbí 585 túmọ̀ sí pé ìdá 58.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wúrà. 18K tàbí 750 jẹ́ ìdá 75. Bí ẹ bá rí “Warranted 14ct” láìsí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan, wúrà náà ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ nííbù àkọ́kọ́. “Gold plated” jẹ́ irin tí wọ́n fi wúrà bò lójú lásán.

Ó kàn yín nítorí bí ẹ ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Wúrà máa ń dúró síbi tí ẹ bá gbé e sí. Irin máa ń ta padà, ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró sí, ó sì lè sán láì ṣe ìkìlọ̀. Ní Jámánì, ìjọba dí wúrà lọ́nà mọ́ àwọn aṣegègé lọ́wọ́ ní 1938. Pelikan lo palladium fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lo irin títí ogun fi parí. Bí irú gègé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ wo ihò ìmí àti lílà àárín dáadáa bóyá ó ti dógùn-ún, nítorí irin tí ìpẹtà ti jẹ kò ṣeé tẹ̀.

Kí ló dé tí nííbù mi fi ń ha bébà?

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹsẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Ẹ fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún, láti ọ̀tún sí òsì, láti òkè wálẹ̀, àti láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láìtẹ gègé mọ́lẹ̀. Bó bá ń ha nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ọ̀tún nìkan, ẹsẹ̀ òsì ló relẹ̀. Bó bá ń ha nígbà tí ẹ bá ń lọ sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. (Bí ẹ ṣe ń wò ó láti òkè nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé ni mo ń sọ.) Etí inú ẹsẹ̀ tó relẹ̀ ló ń walẹ̀ sínú bébà.

Èdè wa gan-an dára fún àyẹ̀wò yìí. Ẹni tó ń fa àmì òkè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ń ti nííbù síwájú, nígbà tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà jẹ́ fífà sẹ́yìn. Ẹ kọ “kókó”, “àgbẹ̀”, “ọ̀rọ̀”, “pẹ́pẹ́yẹ”. Nííbù tó ń kọ lẹ́tà dáadáa ṣùgbọ́n tó ń há nínú bébà lórí àmì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọjú ẹnu nííbù sí ara yín, kí ẹ fi awò wò ó tààrà. Ìdajì hóró méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà. Bí wọ́n bá dọ́gba, tí ó sì ń ha níbi gbogbo, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bébà, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀ ń tẹ gègé jù bí ẹni tí báírò ti mọ́ lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ẹ tó lè máa ronú nípa dídán ẹnu rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n dọ́gba?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nííbù jókòó sí àárín ahọ́n. Ahọ́n tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan máa ń ti ẹsẹ̀ kan sókè, tí a ó sì rò pé nííbù ló wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí gègé nílò kò ju kí a rọra yí ahọ́n padà sí àyè rẹ̀ lọ. Àwọn tó sáré tẹ nííbù nígbà tí ahọ́n ló jẹ̀bi máa ń dá àìsàn kejì sílẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́.

Bí ahọ́n bá wà ní àyè rẹ̀, ẹ wo nííbù láti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ mọ ẹsẹ̀ tó ṣìnà. Ẹsẹ̀ tó wà ní ipò rẹ̀ máa ń sinmi lórí ahọ́n. Èyí tó dìde kúrò lórí rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ padà sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni wọ́n tẹ̀ wọlẹ̀, ẹ gbé e sókè. Ẹ fi èékánná sí agbedeméjì ẹsẹ̀ náà, láàárín hóró àti èjìká nííbù, ìyẹn ibi tí nííbù ti fẹ̀ jù. Ẹ má fi sí orí hóró rárá. Ẹ tì í kọjá ipele èkejì díẹ̀, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún fi awò wò ó.

Bí kò bá tíì yí padà, ẹ tún un ṣe, kí agbára yín fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ máa kọ̀wé láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ti ń kọ dáadáa, ẹ dúró, kódà bí awò bá ṣì ń fi ìyàtọ̀ bíńtín hàn. Ọwọ́ yín ló ń kọ̀wé, kì í ṣe awò.

Ó ń kọ, ó ń fo lẹ́tà, tàdáwà rẹ̀ sì ṣá. Kí ni kí n ṣe?

Bí ahọ́n bá ti mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ méjèèjì fún mọ́ ara wọn jù. Ẹ gbé nííbù sí iwájú ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí ìtànṣán tóóró kan láti ihò ìmí, kó máa tín-ín-rín lọ títí yóò fi parẹ́ nítòsí hóró. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ẹ ki ewé idẹ náà bọ lílà láti òkè, kí ẹ rọra fà á lọ sí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí á kó ìdọ̀tí jáde, á sì ya ẹsẹ̀ méjèèjì díẹ̀. Ẹ má fi abẹ ìfárí ṣe é. Mo ti rí nííbù wúrà tí abẹ gé ojú sí nínú lílà, tí tàdáwà kò sì tọ ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ má tètè dá nííbù lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi inú tàdáwà ẹnu nííbù kúrò láàárín ìgbà tí ẹ bá fi ń ronú gbólóhùn kan. Ẹ dé ọmọrí rẹ̀ bí ẹ kò bá kọ̀wé. Bí ó bá ń gbẹ pẹ̀lú ọmọrí lórí, ọmọrí ló ní ojú sísán.

Tàdáwà rẹ̀ pọ̀ jù. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mi ń di àbàwọ́n.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ti ya jù, bóyá nítorí pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Ẹ rọra ti ẹsẹ̀ ọ̀tún gba abẹ́ ẹsẹ̀ òsì, ẹ dì í bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ẹsẹ̀ òsì gba abẹ́ ọ̀tún. Iye kan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan á ga ju èkejì. Nígbà tí ìtànṣán àárín bá padà sí tóóró, ẹ tún ìdọ́gba wọn yẹ̀ wò, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kí ó ti yí díẹ̀.

Ṣé kí n yọ nííbù kúrò lọ́rùn gègé kí n tó tún un ṣe?

Bí ẹ bá lè ṣe é láìyọ ọ́, ẹ má yọ ọ́. Yíyọ ló ń fọ́ ahọ́n, òun ló sì ń sán ọrùn gègé.

Bó bá di dandan, ẹ mọ irú gègé tó wà lọ́wọ́ yín. Ti Esterbrook J rọrùn jù: nííbù àti ahọ́n jẹ́ ẹyọ kan tí à ń yí jáde, tí a sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti Pelikan 100, tó jáde ní 1929, náà máa ń yí jáde, ṣùgbọ́n ẹ rẹ ẹnu rẹ̀ sínú omi dáadáa ná, kí ẹ di nííbù àti ahọ́n mú pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí i. Nínú ọ̀pọ̀ gègé ọlọ́wọ́ irin láti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni wọ́n kàn ti nííbù àti ahọ́n wọ ọrùn ṣinṣin; ẹ ó yọ àpò rọ́bà kúrò, ẹ ó gbé ọrùn lé pátákó tó ní ihò, ẹ ó sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbá wọn jáde láti ẹ̀yìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Nííbù Triumph ti Sheaffer, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1942, tó yí ọrùn gègé ká, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ọrùn gègé PFM ní 1959, ẹ má gbìyànjú àtiyọ wọ́n nílé. Bákan náà, ẹ má mú iná súnmọ́ gègé sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan, láé. Ó máa ń gbiná lójijì, kì í sì í ṣeé pa bọ̀rọ̀.

Parker 51 ni tèmi. Nííbù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn síta. Báwo ni kí n ṣe é?

Gègé yìí ni wọ́n sábà máa ń kó wá bá mi, ó sì yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1941. Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó ní àpò tí à ń fún nínú tùbú irin, Aerometric. Bí ẹ bá rí “Made in England” lára tiyín, ilé iṣẹ́ Parker tó wà ní Newhaven, ní Sussex, ló ti wá.

Nííbù rẹ̀ rí bíi tùbú kékeré, ìbòrí Lucite, irú ike kan, sì bò ó débi pé ṣónṣó rẹ̀ nìkan ló yọ. Nínú rẹ̀ ni ohun tó ní ewé tínínrín púpọ̀ wà, tó ń gba tàdáwà àṣẹ́kù dúró kí ó má baà kán sórí bébà. Bí ó bá ń ha, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbòrí ti yí kúrò láàárín, tí etí rẹ̀ fi ń tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ṣẹ́láàkì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nínú yóò fi rọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ àti ègé rọ́bà yí i padà. Bí ó bá ti gbóná ju ohun tí ìka yín lè gbà lọ, ẹ sinmi. Ẹ má lo púláyà lórí ìbòrí. Ojú Lucite tó sán kò ṣeé fi pamọ́.

Ẹ lè ki ewé idẹ bọ lílà rẹ̀ láìṣí ìbòrí, ẹ sì lè fi èékánná gbé ẹsẹ̀ kan díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ká, a gbọ́dọ̀ ṣí ìbòrí kúrò pátápátá.

Gègé já bọ́ sórí símẹ́ńtì, ẹnu rẹ̀ sì ká. Ṣé ó lè tọ́ padà?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè tọ́. Nííbù wúrà tó rí bí ìwọ̀ lẹ́nu ṣì lè padà kọ̀wé, bí kò bá tíì sán, tí hóró méjèèjì sì wà lórí rẹ̀. Ẹ gbìyànjú àtimọ ibi tó ti ṣẹ́ kí ẹ tó ronú nípa ibi tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ. Ìtẹ̀sí kan lè ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá èjìká, kí òmíràn tún wà nítòsí ẹnu.

Irú iṣẹ́ yìí nìkan ni mo gbà pé kí a yọ nííbù fún, nítorí ahọ́n yóò ṣẹ́ bí a bá ń tẹ nííbù mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà ń lọ láti gbòǹgbò sí ṣónṣó. Ẹ tọ́ ìtẹ̀sí tó súnmọ́ èjìká jù ná, kí ẹ tó sún síwájú. Ẹ ya ẹsẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, kí ẹ ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púláyà kékeré tí ẹnu rẹ̀ dán, tí kò ní eyín, ni kí ẹ lò. Ẹ lọ etí rẹ̀ kí ó dán, kí ó má baà fi àpá sára wúrà. Ẹ dì í mú, ẹ yí i díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wò ó.

Ohun tó ń pa nííbù jù ni títẹ̀ ẹ́ lọ, títẹ̀ ẹ́ bọ̀. Wúrà máa ń le sí i nígbàkigbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi kọ̀, tí yóò sì sán. Ẹ ṣe ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, sí ọ̀nà kan. Bí ẹ bá ní láti yí èrò padà, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi púláyà di hóró mú láé. Bí ó ti le tó yẹn, kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń já.

Lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́, ìgbì kékeré yóò ṣẹ́kù lójú irin. Ẹ gbé nííbù lé igi roboto tó bá bí inú rẹ̀ ṣe tẹ̀ mu, kí ẹ sì fi irin dídán, ẹ̀yìn ṣíbí kékeré tó dán gbinrin náà lè ṣe é, fa ojú rẹ̀ láti èjìká sí ẹnu pẹ̀lú agbára díẹ̀díẹ̀. Àpá lè má tán pátápátá. Èmi kì í bínú sí i, bí nííbù náà bá ti ń kọ̀wé.

Ṣé mo lè fi iná rọ wúrà náà kí ó lè rọrùn láti tẹ̀?

Rárá. Yíyí tí wọ́n yí wúrà náà láàárín irin àti lílù tí wọ́n lù ú ló fún un ní agbára àtita padà. Iná á mú agbára yẹn kúrò, nííbù á sì rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ya nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi kọ̀wé, kò sì ní padà. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó mọ òrùka ṣe dáadáa lè má mọ èyí, nítorí òrùka kò nílò àtita padà. Ẹ sọ fún un kí ó tó tan iná.

Àyè wà láàárín nííbù àti ahọ́n. Báwo ni kí n pa á dé?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé nííbù fúnra rẹ̀ tọ́. Bí ó bá tọ́, ahọ́n ló kù. Tí ahọ́n bá jẹ́ ẹ́bónáìtì, omi gbígbóná a máa rọ̀ ọ́. Ẹ to nííbù àti ahọ́n pọ̀ sí ọrùn bí wọ́n ṣe yẹ kó wà, ẹ ki ẹnu wọn nìkan bọ omi tó ti hó ṣùgbọ́n tí ẹ ti sọ kalẹ̀ kúrò lórí iná, fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ ahọ́n mọ́ nííbù pẹ̀lú àtàǹpàkò, kí ẹ sì dì í bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù. Ó lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí ọrùn gègé bá jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì tàbí casein, omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ahọ́n oníke kò sì ń gbọ́ irú èyí. Á kàn wọ́ ni.

Ìgbà wo ni mo lè fi sáńpépà dán ẹnu rẹ̀?

Nígbà tí ẹ bá ti tọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ẹ ti fọ ahọ́n, tí tàdáwà ń ṣàn dáadáa, tí ó sì ń ha síbẹ̀. Hóró kì í hù padà. Ohun tí ẹ bá yọ kúrò lára rẹ̀ ti lọ títí ayé, ọ̀pọ̀ nííbù tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tí mo rí kì í sì í ṣe èyí tó já bọ́, bí kò ṣe èyí tí ẹnì kan fi sáńpépà tọ́jú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

Micro-Mesh 12000, sáńpépà tó kúnná gan-an, ni kí ẹ lò, kì í ṣe sáńpépà káfíńtà. Ẹ kó tàdáwà sínú gègé, ẹ dì í bí ẹ ṣe ń dì í kọ̀wé gan-an, ẹ fi kọ òǹkà 8 lórí rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá láìtẹ̀ ẹ́, ẹ padà sórí bébà, ẹ dán an wò. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Àwọn nííbù Esterbrook kan kò ní hóró rárá. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi 9 bẹ̀rẹ̀, bíi 9668, ní in. Èyí tó fi 2 bẹ̀rẹ̀, bíi 2668, jẹ́ irin tí wọ́n kàn ká lẹ́nu. Sáńpépà á jẹ ẹ́ tán kíákíá. Ẹ ra òmíràn, kí ẹ yí i wọlé.

Ó dán lórí bébà gan-an, ṣùgbọ́n kì í kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà.

Ẹnì kan ti dán an jù. Etí inú hóró méjèèjì ti yí kọ́lọ́bọ́, débi pé ibi tí lílà ti parí kò fara kan bébà mọ́; tàdáwà wà níbẹ̀, kò kàn dé ìsàlẹ̀ ni. Bí ẹ bá tẹ gègé díẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Fífún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra díẹ̀ sí i lè tó. Bí kò bá tó, a ní láti yọ díẹ̀ nínú ìsàlẹ̀ hóró títí yóò fi dé ibi tí etí inú náà wà, ẹni tó mọṣẹ́ ni mo sì fẹ́ kí ó ṣe é, nítorí hóró tó kù lè má pọ̀.

Awò fi hàn pé ẹsẹ̀ dọ́gba, síbẹ̀ ó ń ha mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, kò sì ha á.

Ẹ wo hóró láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá fi gègé kan kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń fi bébà gé ojú pẹlẹbẹ kan sí ìsàlẹ̀ hóró, ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé e lé. Ẹni tó ń dì í lọ́nà mìíràn ń kọ̀wé lórí etí ojú pẹlẹbẹ yẹn. Ó tún lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n gé ẹnu nííbù náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ilé iṣẹ́, kí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Irú èyí nílò kí a yí gègé díẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka títí ẹ ó fi rí ibi tó ti dán. Bó bá jẹ́ gègé òbí yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ̀ ọ́. Ojú pẹlẹbẹ yẹn ni bí ọwọ́ wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó rọrùn kí ọwọ́ yín kọ́ ìdìmú tuntun.

Nííbù ti sán láti ihò ìmí, tàbí hóró kan ti já. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ilé mọ́. Ojú sísán nínú wúrà ṣeé fi laser jó pọ̀. Ẹ dá lílò rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń ya lórí bébà ni ojú náà ń gùn sí i. Bí hóró kan bá já, méjèèjì ni wọn yóò yọ, wọn yóò jó hóró tuntun mọ́ ọn, wọn yóò tún un là láàárín, wọn yóò sì lọ̀ ọ́ sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ lágbàáyé, ó ń gba àkókò, owó rẹ̀ sì lè ju iye tí gègé ọlọ́wọ́ irin lásán ń lọ lọ́jà.

Nítorí náà, fún nííbù irin tàbí “Warranted” tí kò ní orúkọ, ẹ wá òmíràn tó ní fífẹ̀ kan náà. Fún nííbù tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó sì bá gègé náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé owó náà tọ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ da tàdáwà nù, ẹ fọ̀ ọ́ kí ó gbẹ, ẹ kọ ìwọ̀n bí ìlà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú lẹ́tà bí ẹ bá ní ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi kọ, kí ẹ sì fi ègé ẹsẹ̀ tó já sínú páálí kékeré pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè ṣeé jó padà.